Àwòrán Bàbá Liên

Ẹni tó bá wà ní Dùbáì àti Ṣájà lọ́dún tí ọrọ̀ ajé ibẹ̀ dojú dé kò ní gbàgbé bí ìlú ṣe dákẹ́. Àwọn ẹ̀rọ gíga tó máa ń gbé irin àti búlọ́ọ̀kù lọ sókè dúró gbagidi lójú sánmà. Òní ni wọ́n á ní kí àwọn wọ̀nyí máa lọ sílé, ọ̀la ni wọ́n á ní kí àwọn tọ̀hún tẹ̀lé wọn. Lọ́dún tí gbogbo èèyàn ń ṣọ́ contract wọn bí ẹni tó gbé epo kaná yẹn ni Fàwáz Mùráínà kó sínú ìfẹ́ ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ kò lè fọkàn rò láé.

Ọmọ Ìwó ni Fàwáz, Agége ló dàgbà sí. Bàbá rẹ̀, Àáfà Mùráínà, fi gbogbo ayé wọn kọ́ ọmọ ní kéwú kí wọ́n tó kú. Yunifásítì aládàáni kan ní Ṣájà ló gbà á síṣẹ́, ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Òun ló ń ṣètò ọjọ́ àṣà, ọjọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti orílẹ̀-èdè kan á se oúnjẹ wọn, tí wọ́n á wọ aṣọ wọn, kí àwọn yòókù lè mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́. Àwọn ará Pakistan ti ṣe tiwọn, àwọn ará Sudan náà ti ṣe. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Àlébù kan ló ní: kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú sí òun. Bí ẹni méjì bá ń jà, á dá èyí láre, á dá ọ̀hún náà láre, títí àwọn méjèèjì á fi rò pé ẹ̀yìn àwọn ló wà.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Liên wọ ọ́fíìsì náà. Kò jókòó.

"Mo fẹ́ ká ṣe ọjọ́ Fiẹtinámù," ó wí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn méjèèjì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin mélòó lẹ wà nílé ìwé yìí?"

"Mẹ́rin."

Fàwáz rẹ́rìn-ín. "Mẹ́rin. Ta ni ẹni mẹ́rin máa ṣe ọjọ́ fún?"

"Fún àwọn tí kò mọ̀ wá. Ká ní a pọ̀ ni, a ò bá má wá yín wá."

Ẹ̀rín Fàwáz gbẹ. Ó ní kó jókòó, ó sì béèrè ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ká a lára tó bẹ́ẹ̀.

"Gbogbo ibi tí mo bá ti sọ pé ọmọ Fiẹtinámù ni mí, ogun ni wọ́n ń bi mí. Ogun tó ti parí kí ìyá mi tó bí mi. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, kò tíì sẹ́ni tó bi mí pé, kí lẹ máa ń jẹ lọ́jọ́ ọdún?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Fàwáz lára. Ó rántí bí ojú àwọn awakọ̀ taxi ṣe máa ń yí padà nínú dígí nígbà tí òun bá dárúkọ Nàìjíríà, bí ẹni pé òun á na ọwọ́ sí àpò wọn láti ẹ̀yìn. Ó wo ọmọbìnrin náà dáadáa. Ó kéré lára, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lójú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀.

"Kí lẹ máa ń jẹ lọ́jọ́ ọdún?" ló bi í.

Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní Deira, ní Dùbáì, ni Liên ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àlejò kò wá mọ́, wọ́n dá ọ̀pọ̀ wọn dúró, ó sì padà sílé ìwé láti gba oyè kejì. Yàrá kan ní àdúgbò Al Nahda lòun àti àwọn ọmọbìnrin Philippines méjì jọ ń gbé. Bàbá rẹ̀, olùkọ́ ní ìlú Nam Định, ti kú nígbà tó wà ní girama. Ọmọ kan ṣoṣo ni.

Ètò ọjọ́ Fiẹtinámù ló ń pè wọ́n pọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ètò di àwáwí. Wọ́n á rìn létí odò Al Qasba lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n á fi àlàfo sáàárín ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹlòmíì lè gba ibẹ̀ kọjá, nítorí Ṣájà ni wọ́n wà, kì í ṣe ibi tí ọkùnrin àti obìnrin tí kò tíì ṣègbéyàwó ti ń di ara wọn lọ́wọ́ mú. Àlàfo yẹn dá Fàwáz lóró. Ó máa ń padà sí yàrá rẹ̀ ní Abu Shagara, á dùbúlẹ̀, á máa ro bí ọwọ́ rẹ̀ á ṣe rí nínú ọwọ́ òun.

Nínú ìrìn yẹn ni Liên ti ṣàlàyé ọdún tuntun wọn fún un, èyí tí wọ́n ń pè ní Tết.

"Ọjọ́ yẹn ni àwọn òkú wa ń padà wálé. A óò gbá gbogbo ilé, a óò gbé àwòrán wọn sórí tábìlì, a óò jó tùràrí, a óò gbé èso síwájú wọn. Wọ́n á bá wa jẹun. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, èmi nìkan ni mò ń ṣe é fún bàbá mi nínú yàrá. Mo fẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kan níbi tí èèyàn wà."

Fàwáz rántí bàbá rẹ̀. Ó gbọ́ ohùn Àáfà Mùráínà létí rẹ̀. Ó yẹ kó sọ fún un pé, Liên, ọ̀rọ̀ yìí máa ṣòro nílé wa, jẹ́ ká jọ rò ó. Ó wo ojú rẹ̀, ó rí bí inú rẹ̀ ṣe dùn tó.

"Ó dára gan-an," ló wí.

Inú ọkọ̀ ojú omi kékeré tó ń gbé èèyàn láti Deira lọ sí Bur Dubai ló ti sọ fún un pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ tó kún ọkọ̀ náà kò fiyè sí wọn.

"Màmá rẹ ń kọ́?"

"Wọ́n á gbà."

"Ṣé o ti bi wọ́n?"

"Rárá. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ wọ́n."

Liên wo omi títí ọkọ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gúnlẹ̀. "Bi wọ́n ná," ó wí. "Lẹ́yìn náà kí o tún wá bi mí."

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni Alhaja Tàíbátù, ìyá Fàwáz, dé láti Èkó, nítorí Nùsírátù, ọmọ wọn obìnrin tó ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ní Al Nahda, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ẹ̀rù kò jẹ́ kí Fàwáz lè dá sọ̀rọ̀ náà. Ó lọ bẹ Magdalene Ògúnlẹ́yẹ, nọ́ọ̀sì ilé ìwé wọn, obìnrin Ìjẹ̀bú kan tó ti pẹ́ ní Ṣájà, tí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ibẹ̀ ń pè ní Àǹtí Magda.

"Alárinà lo fẹ́ kí n ṣe," Àǹtí Magda wí. "Kò burú. Ṣùgbọ́n mi ò ní bá ẹ purọ́ o."

Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ni wọ́n lọ. Alhaja gbé ọmọ tuntun sẹ́sẹ̀. Àǹtí Magda kúnlẹ̀, ó kí wọn kú ewu ọmọ, ó sì wọ inú ọ̀rọ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó dárúkọ Fiẹtinámù, Alhaja yíjú sí ọmọ wọn.

"Ibo nìyẹn?"

"Ẹ̀gbẹ́ China ni, Màmi." Láti inú kíṣìnnì ni Nùsírátù ti dáhùn. "Àwọn tó ń jẹ ajá."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́," ni Fàwáz wí.

"Nùsírátù, àwọn tó ń jẹ ajá wà nílẹ̀ Yorùbá náà," Àǹtí Magda wí. "A ò torí ẹ̀ sọ pé ká má fẹ́ wọn."

Alhaja kò rẹ́rìn-ín. "Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí oúnjẹ. Kí ni wọ́n ń sìn?"

Àǹtí Magda wo Fàwáz. Ó jẹ́ kó hàn pé òun kọ́ ni òun máa dáhùn ìyẹn.

"Wọn ò sin nǹkan kan, Màmi," ni Fàwáz wí. "Ìwé ni wọ́n mọ̀."

"Kò sẹ́ni tí kì í sin nǹkan kan." Alhaja gbé ọmọ náà lé èjìká, wọ́n ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. "Fàwáz, gbọ́. Bàbá yín kọ́ ọmọ ní kéwú títí ẹ̀mí fi bọ́ lára wọn. Mi ò ní jẹ́ kí ẹbọ wọ ilé wọn. Ohun yòówù tó bá kù, àwọ̀ ni o, èdè ni o, jíjìn ni o, ọ̀rọ̀ ẹnu la máa fi yanjú ẹ̀. Mà á wá sí ọjọ́ tí ẹ fẹ́ ṣe yẹn, mà á fi ojú mi wo ọmọ náà."

Nígbà tí wọ́n jáde, ìdí lift ni Àǹtí Magda ti dúró. "Wọ́n bi ẹ́ lọ́rọ̀," ó wí, "o sì parọ́. O ṣì lè tún un ṣe. Padà wọlé." Fàwáz ní òun á sọ fún wọn lọ́jọ́ mìíràn. Ọjọ́ mìíràn kò dé.

Gbọ̀ngàn ilé ìwé kún lọ́jọ́ Fiẹtinámù ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ. Àwọn ọmọbìnrin Sudan ti bá wọn pọ́n ìrẹsì sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú, adìẹ ni wọ́n fi sínú rẹ̀ dípò ẹran ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n sì sè é títí gbogbo ọ̀ọ̀dẹ̀ fi ń rùn bí ìgbà tí mọ́ínmọ́ín bá ń jinná. Lórí pèpéle, Liên tẹ́ aṣọ pupa sórí tábìlì. Ó to èso, ó gbé àwo tùràrí kalẹ̀. Ní àárín, ó gbé àwòrán ọkùnrin onígíláàsì kan sí, nínú férémù dúdú. Ó ṣe é tán, ó lọ wọ aṣọ.

Fóònù Fàwáz dún. Nùsírátù ni. "A ti wọ taxi o. Màmi ní ṣé ìwájú ni a máa jókòó sí?"

"Ìwájú ni," ó wí. Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ sì bọ́ sínú ojú ọkùnrin onígíláàsì náà.

Láti ìlà iwájú, kò sí ohun mìíràn tí Alhaja á rí. Èso, tùràrí, òkú, aṣọ pupa. Ó ṣe bí ẹni pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ó gun pèpéle. Ó gbé àwòrán náà, ó gbé àwo tùràrí, ó gba ẹ̀yìn lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó àga sí, ó gbé méjèèjì sílẹ̀ lẹ́yìn àwọn àga tí wọ́n ti pa dé. Nígbà tó padà, ó fi akẹtẹ̀ àwọn àgbẹ̀ Fiẹtinámù dí àlàfo tó wà lórí tábìlì. Lẹ́ẹ̀kan yìí nìkan, ló ń sọ fún ara rẹ̀. Mà á ṣàlàyé fún un. Á yé e.

Liên jáde nínú aṣọ gígùn aláwọ̀ ewé kan tó là lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, tí ṣòkòtò funfun ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń gbálẹ̀ kí ọdún tó wọlé. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí tábìlì.

"Ẹni tó padà wá bá mi ṣọdún nìyí," ó wí. "Bàbá mi—"

Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí akẹtẹ̀. Kò gbé e sókè, kò gbé e sílẹ̀. Fàwáz tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ ìkélé rí bó ṣe ń fojú wá àwòrán náà lórí tábìlì.

"Ó yẹ kí bàbá mi wà níbí," ó wí níkẹyìn. "Mi ò mọ ibi tí wọ́n gbé wọn lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọkàn yàwòrán wọn. Wọ́n ga, wọ́n ń lo gíláàsì, wọn kì í pẹ́ bínú." Ó sì bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ títí ó fi parí. Àwọn èrò rò pé bí ètò náà ṣe rí nìyẹn, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un gan-an. Alhaja, ní ìlà iwájú, kò pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn pèpéle ni Liên ti bá Fàwáz.

"Ta ló gbé bàbá mi?"

"Àwọn aláṣẹ ilé ìwé ni." Kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà já bọ́. "O mọ̀ pé Ṣájà nibí. Ọ̀gá mi ló ní ká mú un kúrò."

"Ọ̀mọ̀wé Kurian?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Bí ó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni Ọ̀mọ̀wé Kurian yọ, ará Índíà kan tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, ó wá kí Liên. Ó ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ dára púpọ̀. "Ṣùgbọ́n kí ló ṣẹlẹ̀ sí àwòrán bàbá yín? Mo ti sọ fún àwọn àlejò mi pé kí wọ́n wò ó."

Liên kò pariwo. Ó yíjú sí Fàwáz, ojú yẹn tí kì í kúrò lójú ẹni.

"Níbo ni wọ́n wà?"

Ó mú un lọ. Liên gbé àwòrán náà láàárín àwọn àga, ó fi apá aṣọ rẹ̀ nu dígí, ó tún un nù. "Màmá rẹ ló sọ pé kí o ṣe é?"

"Rárá. Wọn ò mọ̀."

"Ìwọ nìkan," ó wí. "Má pè mí mọ́."

Nínú taxi, Fàwáz jókòó síwájú, ìyá rẹ̀ àti Nùsírátù wà lẹ́yìn pẹ̀lú ọmọ. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ mú wọn ní àbáwọlé Al Nahda.

"Fìlà tó wà lórí tábìlì yẹn," Alhaja wí, "kò jọ ohun tí wọ́n dìídì gbé síbẹ̀. Kí ló yẹ kó wà níbẹ̀?"

Ó fẹ́ sọ pé òun kò mọ̀. Ó rẹ̀ ẹ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti ọ̀rọ̀ ọdún tuntun títí dé orí Ọ̀mọ̀wé Kurian. Ìyá wọn na ọrùn síwájú láti ìjókòó ẹ̀yìn.

"O gbé bàbá ọlọ́mọ sáàárín àga, nítorí mi."

"Màmi, ẹ ní ẹ ò fẹ́ ẹbọ."

"Mi ò fẹ́ ẹ títí di ìsinsìnyí. Ká ní mo bá tùràrí yẹn níbẹ̀, mi ò bá dìde, mi ò bá jáde síta. Tó bá yá, mi ò bá pè é, kí n bi í pé kí ni ìtumọ̀ ohun tó ṣe. Ọ̀rọ̀ ì bá wà láàárín èmi àti ẹ̀. Ìwọ lo gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wa." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Àwòrán bàbá tìrẹ wà lára ògiri pálọ̀ mi. Ẹni tó bá gbé e kúrò láìbi mí, mà á mọ̀ pé ọ̀tá ló wọlé."

"Màmi, ẹ má bínú."

"Mo wá wo ọmọ tí o fẹ́ fẹ́, ọmọ tèmi ni mo rí. Wọ́n já ọmọbìnrin yẹn kulẹ̀ lójú gbogbo ayé, kò ṣubú, ó parí iṣẹ́ rẹ̀. Ìwọ, ẹ̀rù ìyá ẹ bà ọ́, o parọ́ fún mi. Ẹ̀rù ẹ̀ bà ọ́, o parọ́ fún un. Ká ní Nùsírátù ni irú ẹ wá fẹ́, mi ò ní gbà."

Ó ti múra sílẹ̀ fún kí ìyá òun kọ Liên. Kò múra sílẹ̀ fún kí wọ́n kọ òun.

Lẹ́nu ọjọ́ mélòó kan, Alhaja ní kí Àǹtí Magda mú wọn lọ sọ́dọ̀ Liên. Wọn kò jẹ́ kí Fàwáz tẹ̀ lé wọn. Ẹnu Àǹtí Magda ló ti gbọ́ ọ.

"Màmá ẹ ò bẹ̀bẹ̀ fún ẹ o, kí o yáa mọ̀. Wọ́n ní torí kí ọmọ náà lè mọ̀ pé àwọn kọ́ ló rán ẹ ni àwọn ṣe wá. Wọ́n ní kó má bínú sí àwọn. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé tíì fún wọn. Wọ́n rí i."

"Kí ni Liên wí?"

"Ó ní ó ṣeun. Ó béèrè orúkọ bàbá ẹ àti ọdún tí wọ́n kú. Kò dárúkọ ẹ rárá."

Fàwáz kò sùn dáadáa mọ́. Nígbà tó yá, ó lọ bá Ọ̀mọ̀wé Kurian, ó jẹ́wọ́ pé òun ló gbé àwòrán náà, tí òun sì fi orúkọ wọn bò ó. Kurian gbọ́ ọ dé òpin. Ó ní òun kò lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, nítorí pé orúkọ ilé ìwé ni wọ́n fi parọ́, àti pé wọ́n á wo contract rẹ̀ tí ọdún ìwé bá parí. Fàwáz kúrò níbẹ̀, ó pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Fiẹtinámù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tọrọ àforíjì níwájú gbogbo wọn. Àwọn mẹ́ta dáríjì í. Liên dúró títí àwọn yòókù fi lọ.

"Kì í ṣe bàbá èmi nìkan," ó wí. "Ọkọ ìyá mi ni. Ìyá mi ń bọ̀ wá wo ìkẹ́kọ̀ọ́jáde mi nígbà ẹ̀rùn. Bí o bá ní ohun tí o fẹ́ sọ, àwọn ni kí o sọ ọ́ fún. Títí dìgbà yẹn, má pè mí, má dúró dè mí."

Ó gbà. Kò pè é, kò sì dúró dè é. Ó máa ń rí i lókèèrè níbi tí wọ́n ti ń jẹun, á gbé àwo rẹ̀ lọ sí igun mìíràn. Bí bọ́ọ̀sì bá gba Al Nahda kọjá, á wo àwọn fèrèsé gíga gíga yẹn láìmọ èwo ni tirẹ̀. Ṣé yóò tiẹ̀ dúró de òun? Ṣé ìyà ẹ̀ṣẹ̀ òun ni òun ń jẹ, àbí òun ń tan ara òun jẹ ni? Ooru dé, ìlú gbóná bí inú ààrò. Wọ́n dín contract rẹ̀ kù sí ìdajì ọdún, wọ́n ní àwọn á máa wò ó.

Ṣáájú ìgbà yẹn ni Alhaja ti padà sí Èkó. Ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Tí ìyá ọmọ yẹn bá dé, á ní kí o mú tùràrí. Kí lo máa ṣe?"

"Mi ò mọ̀, Màmi."

"Má mú un. Sọ fún wọn pé o ò ní mú un, kí o sì sọ ìdí. Bí wọ́n bá lé ọ, máa bọ̀ nílé." Wọ́n tún gèlè wọn ṣe. "Bí wọn ò bá lé ọ, tó jẹ́ pé kóòtù ló máa so yín pọ̀ láìsí yìgì, mi ò ní sọ pé inú mi dùn tán. Mà á máa tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run kó la ọ̀nà fún yín. Ṣùgbọ́n mi ò ní gba irọ́ mọ́, ìbáà jẹ́ èyí tó máa dùn mọ́ mi nínú."

Ìyá Liên dé. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ni Liên ránṣẹ́ sí Àǹtí Magda pé kí òun àti Fàwáz máa bọ̀. Àwọn ọmọ Philippines ti lọ síbi iṣẹ́. Yàrá náà kò ju àárín bẹ́ẹ̀dì àti wọ́dúróòbù lọ. Lórí wọ́dúróòbù, níbi tó ga jù nínú yàrá, ni ọkùnrin onígíláàsì náà wà.

Obìnrin kékeré ni ìyá Liên, irun rẹ̀ ti funfun, ó wọ kàdígàn nítorí òtútù AC. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àlejò. Kó tó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó, ó mú igi tùràrí mẹ́ta, ó ṣáná sí i, ó nà án sí Fàwáz bí ẹni tó ń gbé omi fún àlejò.

Fàwáz wo Liên. Ojú Liên wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣẹ́jú, kò sì mirí. Ó mọ̀ pé kò ní gba òun sílẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ ti fẹ́ gbà á. Bí òun bá gbà á, tí òun tẹrí ba díẹ̀, gbogbo nǹkan á rọrùn. Alhaja wà ní Agége, wọn ò ní mọ̀ láé. Ohun tó ti ń ṣe láti kékeré nìyẹn, òun sì ni gbogbo èèyàn fi ń pè é ní ọmọ dáadáa.

"Sọ fún wọn pé mi ò lè gbà á," ó wí. "Mùsùlùmí ni mí. Mi ò lè fi tùràrí kí ẹni tó ti kú. Kì í ṣe pé mi ò ka bàbá kún."

Liên túmọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú ìyá náà. Tùràrí ń jó lọ́wọ́ rẹ̀, eérú ń já bọ́ sílẹ̀.

"Ó kù," ni Fàwáz wí. "Sọ fún wọn pé lọ́jọ́ ọdún yín, èmi ni mo gbé bàbá kúrò lórí tábìlì, tí mo gbé wọn pamọ́ síbi tí à ń kó àga sí. Ẹ̀rù ìyá mi ló bà mí. Lẹ́yìn náà, mo parọ́ mọ́ ọ̀gá mi."

Liên yíjú sí i. "Mi ò sọ ọ́ fún wọn rí," ó wí jẹ́jẹ́.

"Mo mọ̀. Bá mi sọ ọ́."

Ó sọ ọ́. Ó gbà á ní àkókò, nítorí ó ń dúró láàárín. Ìyá rẹ̀ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Àǹtí Magda wo ilẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà máa sọ̀rọ̀, kò wo ọmọ rẹ̀, Fàwáz ló wò.

"Wọ́n ní, èwo ni kí o wá máa sọ ọ́? Wọn kì bá tí mọ̀."

"Nítorí mo fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fún mi lórí irọ́."

Ìyá tún sọ̀rọ̀, ó gùn díẹ̀.

"Wọ́n ní, ó dáa, o ò lè kí ẹni tó kú. Báwo lẹ ṣe ń kí àgbà tó wà láàyè nílé yín?"

Fàwáz wo àyè tó wà nílẹ̀. Ó tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí táìlì tútù yẹn níwájú obìnrin náà, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ Philippines. Ìyá Liên fò dìde, ó rò pé ó dákú ni. Àǹtí Magda dì í lọ́wọ́ mú. "Liên, sọ fún wọn pé bá a ṣe ń kí àna wa nìyẹn. Wọ́n ṣì ní láti sọ pé kó dìde."

Ìyá kò sọ pé kó dìde. Ó wò ó nílẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gun àpótí kékeré kan, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ki tùràrí náà bọ inú àwo tó wà níwájú ọkọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀. Liên kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fàwáz. Àlàfo tó wà láàárín wọn kò tó ẹni tó lè gba ibẹ̀ kọjá.

"Kí ni wọ́n ń wí?" ni Fàwáz béèrè, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀.

"Wọ́n ń sọ fún bàbá mi pé ẹni tó gbé wọn kúrò lórí tábìlì ló wà nílẹ̀ yìí. Wọ́n ní ó bẹ̀rù Ọlọ́run rẹ̀, ṣùgbọ́n ó jọ pé kò bẹ̀rù àwa mọ́." Ó tún tẹ́tí sí ìyá rẹ̀. "Wọ́n ń bi bàbá bóyá kí àwọn fi mí fún ọ."

Ọdún kan lẹ́yìn ìgbà yẹn ni wọ́n ṣègbéyàwó ní kóòtù ní Nam Định, Alhaja sì fi àdúrà ránṣẹ́ láti Agége, tó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí fóònù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èéfín ń lọ sókè. Ìyá dúró lórí àpótí náà, ó gbé ojú sókè sí ọkùnrin onígíláàsì, ó ń dúró, títí eérú fi tẹ̀, tó sì já.

Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀. Liên fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kí o dìde. Wọ́n ní bàbá mi kò fèsì." Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Wọ́n ní ní gbogbo ọdún tí àwọn fi jọ gbé, ohun tí bàbá kò bá fẹ́, kíá ni wọ́n máa ń sọ ọ́."